Lẹ́tà sí Bàbá Kékeré: Pátákó Títì Tí Ẹni Tí Kò Mọ̀wé Lè Kà

Bàbá Kékeré mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìnira ẹsẹ̀ tó ń ro yín. Kí ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín rọra kà á, kó má fo ibì kankan, nítorí ìbéèrè tí ẹ bi mí lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú yẹn ni mo wá dáhùn.

Ẹ ní, "Níbi tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ń wa tírélà kọjá, báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí ẹ wà?" Mo ní fóònù ló ń sọ fún wa. Ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kò tíì kúrò létí mi. Ẹni tó fi ogún ọdún wa lọ́rì iṣu láti Mọ́kwá gba Jẹ́bà wọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò mọ̀wé, tí kò sì ṣìnà rí, kò yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ fóònù dá a lóhùn. Mo rántí ọjọ́ tí mo jókòó sáàárín ẹ̀yin àti ọmọ ọkọ̀ yín, tí ẹ nawọ́ sí òkúta máìlì kan létí títì. Ẹ ní, "Èyí tí etí rẹ̀ kan ti ya yìí, tá a bá ti rí i, Ìlọrin ti dé tán." Ẹ kò ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ibi tó ti ya lẹ fi dá a mọ̀. Títì yẹn, A1 ni ìjọba ń pè é nínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí awakọ̀ kankan pè é bẹ́ẹ̀ ní gárèjì rí.

Ojú yín yẹn ni mo fi ń wo pátákó títì níbí ní Amẹ́ríkà láti ọjọ́ Àìkú.

Títì tó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ọ̀kan náà ni pátákó rẹ̀ láti etí òkun kan dé èkejì. Àwọn márosẹ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní Interstate ní asà kan tí orí rẹ̀ pupa, tí ara rẹ̀ jẹ́ búlúù, tí nọ́ḿbà inú rẹ̀ funfun. Láti 1957 ló ti wà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣáájú wọn, tí wọ́n ti ń fi nọ́ḿbà pè láti 1926, asà funfun ni tiwọn, nọ́ḿbà dúdú. Wọ́n dára, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n tó bá ti di títì tí ìpínlẹ̀ ń tọ́jú fúnra rẹ̀, ìpínlẹ̀ náà ló máa yan ohun tó máa yà sórí pátákó rẹ̀. Àádọ́ta ìpínlẹ̀ ni wọ́n, oníkálukú ló sì ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ká tó débẹ̀, nǹkan kan wà tí mo mọ̀ pé yóò dùn mọ́ yín. Kí nọ́ḿbà tó dé, orúkọ ni wọ́n ń pe ọ̀nà níbí, bí àwa náà ṣe ń sọ pé ọ̀nà Ìbàdàn, ọ̀nà Ìlọrin. Ọ̀dà ni wọ́n fi ń sàmì sí i. Lincoln Highway tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913, pupa, funfun àti búlúù ni wọ́n kùn yí àwọn òpó ẹ̀bá rẹ̀ ká. Ẹ̀yin ì bá tẹ̀ lé ọ̀dà yẹn láìbi ẹnikẹ́ni. Ní 1918 ni Wisconsin fi nọ́ḿbà sí àwọn títì rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ ṣe é. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Kansas. Ìdájí kùtùkùtù ni mo wọ ibẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, oko ọkà tẹ́ lọ rẹrẹ lọ́tùn-ún lósì, kò sí òkè, kò sí igi tí èèyàn lè fi ṣe àmì. Ni iná ọkọ̀ mi bá bà sára òdòdó kan. Òdòdó ńlá, aláwọ̀ ìyeyè, ewé rẹ̀ yọ yí ká, nọ́ḿbà dúdú jókòó sí àárín rẹ̀ níbi tí èso máa ń wà. Kò sí orúkọ ìpínlẹ̀ lára rẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ fún? Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń fi òdòdó yẹn kì ni. Ẹ mọ ìbátan rẹ̀, Bàbá: èyí tó ń bo ẹ̀bá títì lọ́dọ̀ wa nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tó korò bí ewúro. Mo dín eré kù kí n lè wò ó dáadáa.

Texas tí mò ń gbé yìí, ó yà mí lẹ́nu. Pátákó títì ńlá rẹ̀ kò ní láárí: funfun onígun mẹ́rin, nọ́ḿbà dúdú, TEXAS kékeré nísàlẹ̀. Àmọ́ títì kékeré ni kí ẹ wá wò. Wọ́n ní irú títì kan tí orúkọ rẹ̀ nínú òfin jẹ́ Farm to Market, "láti oko sí ọjà." Orúkọ nìyẹn o, n kò fi kún un. Pátákó rẹ̀ dúdú, wọ́n ya ilẹ̀ Texas funfun sí i láàárín, nọ́ḿbà wà nínú ilẹ̀ náà, wọ́n sì kọ FARM ROAD sí i. Àkọ́kọ́ nínú wọn, ní 1937 ni wọ́n parí rẹ̀, ní agbègbè Rusk, láti Mount Enterprise dé Shiloh, kò tó kìlómítà 10. Àwọn àgbẹ̀ tí ẹrẹ̀ kì í jẹ́ kí irè oko wọn jáde ni wọ́n ṣe é fún. Nígbàkigbà tí mo bá yà sí ọ̀kan nínú wọn, ọ̀nà oko wa ní ọdún tí lọ́rì yín rì sẹ́rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn, iṣu ń rùn lẹ́yìn, Màmá ń gbé omi wá fún yín. Ìjọba tó kọ "oko" sórí pátákó mọ ẹni tí ọ̀nà wà fún.

Ohun kan wà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fòye gbé. Àwọn ìpínlẹ̀ kan, ààlà ilẹ̀ wọn wọ́ lọ wọ́ bọ̀, tí wọ́n bá ti ya máàpù wọn, ẹ ti mọ̀ wọ́n. Florida dà bí ìbọn ìléwọ́. Oklahoma ní ọwọ́ bí àwo ìdínsun. Irú àwọn wọ̀nyí lè ya ilẹ̀ wọn kí wọ́n sì jókòó. Ṣùgbọ́n Colorado àti Wyoming, rúlà ni wọ́n fi fa ààlà wọn. Ẹ ya máàpù wọn, ẹ ya páálí lásán. Nítorí náà wọ́n ní láti ronú. Colorado gbé àsíá rẹ̀ sókè pátákó, búlúù, funfun, búlúù, pẹ̀lú òrùka pupa tó gbé oòrùn sínú. Wyoming ya ọkùnrin tó gun ẹṣin tó ń tàpá. Utah tó jẹ́ páálí tí wọ́n gé igun rẹ̀ kan ya ilé oyin. New Mexico mú oòrùn àwọn ará Zia, ẹ̀yà kan tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé: róbótó kan tí ìtànṣán mẹ́rin mẹ́rin yọ láti orígun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó mọ̀ pé orígun mẹ́rin ni ayé ní kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó wà lórí àsíá ìpínlẹ̀ náà láti 1925. Àwọn ará Zia sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun mímọ́ àwọn ni wọ́n mú lò láìgbàṣẹ. Mo fẹ́ràn àmì yẹn gan-an, ṣùgbọ́n n kì í rí i kí ọ̀rọ̀ yìí má wá sí mi lọ́kàn.

North Dakota ló kó mi sí ìdààmú jù. Orí ọkùnrin kan ló wà lórí pátákó wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹ́ nínú irun rẹ̀, imú rẹ̀ gùn. Red Tomahawk lorúkọ rẹ̀, ará ẹ̀yà Lakota, ní ilẹ̀ wọn tó ń jẹ́ Standing Rock. Ó wà lára àwọn ọlọ́pàá tó lọ mú Sitting Bull, aṣáájú àwọn èèyàn wọn, ní 1890, ọjọ́ náà ni wọ́n sì yìnbọn pa Sitting Bull. Ẹ wo irú ojú tí wọ́n gbé ka gbogbo títì tó gba ilẹ̀ àwọn Lakota kọjá! Láti 2016 ni wọ́n ti ń yọ ọ́, tí wọ́n ń fi máàpù rọ́pò rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n máàpù wọn, páálí ni. Ẹ̀gbẹ́ tí odò gbà kọjá nìkan ló wọ́. Ilẹ̀ tí ẹfọ̀n ti jẹko tó bẹ́ẹ̀, tí òdòdó àti ọkà kún inú rẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan mú lára rẹ̀. Ó dùn mí.

Ti California, ṣọ́bìrì ni. Wọ́n yẹ́ àwọn tó sáré wá wa góòlù ní 1849 sí, ni wọ́n bá gé pátákó náà bí ẹnu ṣọ́bìrì, aláwọ̀ ewé. Kódà lójú òjò, ẹ lè fi bó ṣe rí nìkan mọ̀ ọ́n. Washington ya orí George Washington, wọ́n kọ nọ́ḿbà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. N kò lè fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́nà jíjìn, òkúta lásán ló jọ, bí ẹ bá sì sún mọ́ ọn, ojú àgbà lẹ rí tí wọ́n kọ nǹkan sí.

Àwọn tí n kò fẹ́ wá kù. Ìwé òfin pátákó gbogbo orílẹ̀-èdè ní àmì kan tí ìpínlẹ̀ tí kò bá ní tiẹ̀ lè mú lò: róbótó funfun lórí dúdú. Delaware ń lò ó. New Jersey ń lò ó. Odò ńlá kan ló là wọ́n láàárín, pẹ̀lú afárá gígùn kan tó ga tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gun afárá yẹn, ẹ sọ̀ ọ́, ẹ ti kúrò ní ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ẹ sì yà sí títì kékeré: róbótó lẹ fi sílẹ̀, róbótó lẹ tún bá. Illinois àti Indiana tún wà, tí wọ́n jọ pín ààlà: funfun onígun mẹ́rin ni méjèèjì, wọ́n kọ orúkọ wọn wínníwínní sókè nọ́ḿbà. Lẹ́tà kan náà ni orúkọ méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀! Massachusetts kò tilẹ̀ kọ orúkọ. Funfun, ilà dúdú yí ká, nọ́ḿbà, ó parí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan ni. Lóru òjò kan, ní ìpínlẹ̀ kan tí n kò ní dárúkọ, mo dé oríta kan tí pátákó mẹ́ta wà lórí òpó kan ṣoṣo. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta funfun, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta onígun mẹ́rin. Títì ìpínlẹ̀ ni mò ń wá. Ti ìjọba ìbílẹ̀ ni mo yà sí, nítorí pé nọ́ḿbà wọn jọra, omi sì ń ṣàn lójú gíláàsì. Mo rìn díẹ̀, mo bá rí afárá reluwé níwájú mi, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ẹsẹ̀ bàtà 11 ni gíga rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 13 ààbọ̀ ni tírélà mi. Mo tẹ bíréèkì, ẹrù fì lẹ́yìn mi, ọkọ̀ náà dúró nígbà tí afárá ti bo ìdajì ojú ọ̀run lójú mi. Ó tó wákàtí kan tí mo fi ń fi ẹ̀yìn rìn padà sí oríta, ọlọ́pàá kan ń fi tọ́ọ̀ṣì júwe fún mi. Nígbà tí mo débẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró sínú òjò, mo sì wo òpó yẹn. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn bá jẹ́ òdòdó, tàbí ṣọ́bìrì, tàbí ilé oyin, n kì bá tí débẹ̀.

Ẹ ó béèrè èyí tí mo fẹ́ràn jù. New Hampshire ni. Òkè kan wà níbẹ̀ tí àwọn òkúta etí rẹ̀ to ara wọn bí ojú àgbàlagbà tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan: iwájú orí, imú, àgbọ̀n. Ojú yẹn ni wọ́n yà sórí pátákó gbogbo títì ìpínlẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún ọdún 2003, ojú náà ya lulẹ̀. Omi tó ń wọ inú ibi tó ti sán lára rẹ̀, tó ń dì, tó ń yọ́, lọ́dọọdún, ló tú u. Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, ẹ kò ní rí i lórí òkè mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò yọ ọ́ kúrò lórí pátákó. Ó wà níbẹ̀ bí àwòrán Bàbá Àgbà ṣe wà lókè ilẹ̀kùn pálọ̀ yín, tó ń wo gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Mo ti ya fọ́tò mẹ́fà, mo sì ti tẹ̀ wọ́n jáde lórí bébà ńlá. Ẹni tó ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá yóò mú wọn bọ̀ fún yín. Mo ti lẹ bébà bo gbogbo ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí. Kí ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí tẹ́ wọn sórí tábìlì fún yín, kó má sọ nǹkan kan. Tí ẹ bá ti mú èyí tó jẹ́ ojú àgbàlagbà, ẹ pè mí, ì báà jẹ́ òru ló wà níbí.

Ọmọ yín,
Houston, Texas