Kí ẹ tó ra tọ́bò mìíràn, ẹ kọ́kọ́ wo hóòsì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sójú ìwé ìròyìn yín, torí owó ńlá ló ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ dísù jẹun, pàápàá àwọn tó ní Hilux àti Hiace tí ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ irú tí Toyota pè ní 1KD tàbí 2KD. Bí ọ́ìlì bá ti ń jò, tí ọkọ̀ ò sì lè gun òkè mọ́, ohun tí wọ́n á gbọ́ ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù ni pé, "Tọ́bò ti kú," ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára. Wọ́n á lọ ra tókùnbọ̀ ní Ládípọ̀ tàbí ní Géètì n'Íbàdàn, wọ́n á dè é mọ́ ọn, kò ní pẹ́ tí ìyẹn náà á tún kú. Tọ́bò kì í sábà kú fúnra rẹ̀, nǹkan kan ló máa ń pa á. Ẹni tí kò bá wá ohun náà rí, ńṣe ló ń fa tọ́bò tuntun lé apani lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó rọrùn jù bẹ̀rẹ̀. Hóòsì ló ń gbé atẹ́gùn kúrò lára tọ́bò lọ sínú íntákúlà tó ń mú un tutù, hóòsì mìíràn ló ń gbé e wọ ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá ń fa ẹrù, atẹ́gùn inú wọn lè tó 15 psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn), ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú hóòsì yìí kì í gbẹ, torí pé bíríidà (ihò tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí) máa ń mí èéfín ọlọ́ìlì sínú páìpù tó ń bọ̀ láti ibi fíltà afẹ́fẹ́, tọ́bò á sì fẹ́ ẹ lọ. Nígbà tí hóòsì bá là, tàbí tí kílíìpù rẹ̀ bá dẹ̀, atẹ́gùn á gba ibẹ̀ jáde, ọ́ìlì á sì bá a jáde. Ihò kan ṣoṣo ló ń da ọ́ìlì nù, òun náà ló gba agbára ọkọ̀. Bí hóòsì bá kàn rin díẹ̀ nínú, kò sí nǹkan tó ṣe é. Èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni pé kí ẹ tú íntákúlà, kí ọ́ìlì máa dà jáde níbẹ̀.

Irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ léwu ju kí ọkọ̀ má lè sáré lọ. Ẹ́ńjìnnì dísù kò nílò ju ohun tó lè jó àti atẹ́gùn lọ. Bó bá fa ọ́ìlì inú íntákúlà mu, á máa ráìsì fúnra rẹ̀, ẹ lè yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò kó má dáhùn. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí à ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀ ni, ẹ tẹ bíréèkì pa, ẹ ki jíà tó ga jù bọ̀ ọ́, kí ẹ fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kó lè kú. Bó bá jẹ́ ọlọ́tòmátíìkì, pákó pẹlẹbẹ tó lágbára ni kí ẹ fi dí ẹnu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ dí i láéláé, ẹ má sì lo àkísà, torí ó máa fà á wọlé.

Èéfín náà máa ń sọ̀rọ̀. Bó bá dú kirikiri, dísù pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, hóòsì tó là ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Bó bá funfun, dísù tí kò jó tán ni, tàbí omi rédíétọ̀. Nígbà tí búréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, bá rí i pé atẹ́gùn tó wọlé kò tó èyí tí òun ń retí, á dín dísù kù, ọkọ̀ á sì kọ̀, kò ní fẹ́ kọjá nǹkan bíi 3,000 lójú mítà tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ skáànù wò ó, P0299 ló máa ń gbé jáde. Ohun tí kóòdù yẹn ń wí ni pé atẹ́gùn kò tó, kò dárúkọ ẹni tó jí i. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ka kóòdù tán, iye tọ́bò ni wọ́n máa ń kọ lé ìwé. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fọwọ́ kan hóòsì kankan.

Láti mọ ibi tí ọ́ìlì ti ń wá gan-an, ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ara ẹ́ńjìnnì, ẹ fi omi ọṣẹ ṣàn án, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá bu páúdà ìkókó wọ́n ibi tí ẹ ń fura sí. Ẹ wa ọkọ̀ náà fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ibi tó ga jù, tó sì sún mọ́ iwájú jù, tí páúdà ti kọ́kọ́ rin, ibẹ̀ ni orísun. Ọ́ìlì máa ń ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn ìrìn á sì gbé e lọ sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ láti pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn, nígbà tó jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí ẹ́ńjìnnì tàbí pọ́ńpù fákúùmù ló ń jò láti òkè.

Ti hóòsì, ojú nìkan kò tó o, torí pé abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń là, níbi tó ti ń ha irin, á sì pa ẹnu pọ̀ bí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ pa ọkọ̀, kó tutù. Ẹ tú páìpù tó ti ibi fíltà wá kúrò lẹ́nu tọ́bò. Ẹ wá ìdérí tó bá ẹnu tọ́bò náà mu wẹ́kú, ike omi tó nípọn ṣe é ṣe, ẹ lu ihò sí i, kí ẹ ki fáàfù táyà bọ̀ ọ́, ẹ fi kílíìpù dè é pa. Kí fokanáísà wá fẹ́ 10 psi sí i, kó má kọjá 15. Ẹnu tọ́bò gan-an ni kí ẹ dí o, kì í ṣe ibi fíltà, torí bíríidà wà láàárín méjèèjì, atẹ́gùn á sì gba ibẹ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì lọ ti síìlì jáde. Kí ẹ wá máa da omi ọṣẹ sára hóòsì, sí ojú kílíìpù kọ̀ọ̀kan, sí etí íntákúlà. Ibi tó bá ń hó ni ọ̀tá yín. Atẹ́gùn díẹ̀ á máa gba fáàfù ẹ́ńjìnnì sá lọ, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú.

Bí hóòsì bá le, tí ó sì jẹ́ fákúùmù (agbára tó ń fa afẹ́fẹ́) ló ń darí tọ́bò náà, kí ẹnì kan tan ọkọ̀, kí ẹnì kejì máa wo ọ̀pá irin tín-ín-rín tó jáde láti inú agolo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́bò. Ó yẹ kó rìn bí ẹ́ńjìnnì bá ti tàn, kó sì padà síbi tó wà bí ẹ bá pa á. Bí kò bá rìn, ẹ yọ rọ́bà kékeré orí agolo náà, kí ẹ fi àtàǹpàkò dí i, ó gbọ́dọ̀ fà á. Bí kò bá fà á, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rọ́bà ló ti sán látàrí ooru, kò sì sí ohun tó kéré lówó tó o lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá fà á dáadáa tí ọ̀pá kò mira, rọ́bà inú agolo náà ló ya, tàbí kí èédú ti há mọ́ àwọn abẹ tó ń darí èéfín nínú tọ́bò.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó wá fọwọ́ kan ìka tọ́bò fúnra rẹ̀, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lẹ́nu rẹ̀. Kó mì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kò burú, ọ́ìlì ló yẹ kó gbé e dúró, kò sì sí níbẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Bó bá ń kan ògiri ilé rẹ̀, tàbí tí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n lára pé ó ń rìn bí ẹ ṣe ń tì í tí ẹ ń fà á síwá-sẹ́yìn, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí kan náà ni kí ẹ fi yẹ tókùnbọ̀ wò kí ẹ tó sanwó.

Ẹ wá ohun tó pa á. Ṣáfútì, ọ̀pá àárín tọ́bò, ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì ló sì ń léfòó lé. Páìpù tín-ín-rín ló ń gbé ọ́ìlì wá, páìpù tó sanra ló ń dá a padà sí sọ́mpù (àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì), kò sí pọ́ńpù tó ń fà á, ńṣe ló ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ìkejì yìí bá dí tàbí tó ká, tàbí tí bíríidà dí, tàbí tí rìǹgì písítìnì ti jẹ tí ẹ́ńjìnnì ń mí gúlegúle, ọ́ìlì kò ní ríbi gbà, inú tọ́bò ni yóò gbà jáde. Tọ́bò tuntun pọ́nbélé náà á pọ ọ́ìlì lọ́jọ́ tí ẹ bá dè é.

Ti 1KD àti 2KD tún ní tirẹ̀. Lábẹ́ nọ́súù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fọ́n dísù ni kọ́pà pẹlẹbẹ wà. Bí ọ̀kan bá ti ń jò, iná inú sílíńdà á máa fẹ́ wọ abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì á wá dì bí ọ̀dà, èérún dúdú á sì lọ dí asẹ́ tó wà nínú sọ́mpù. Bí tọ́bò ṣe ń pòǹgbẹ ọ́ìlì nìyẹn. Nítorí náà, Hilux tí tọ́bò rẹ̀ bá kú, ẹ sọ sọ́mpù rẹ̀ kalẹ̀, ẹ wo asẹ́ náà, ẹ pààrọ̀ kọ́pà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kọ́pà tí wọ́n ti tú kì í ṣe é lò lẹ́ẹ̀kejì, kódà kí wọ́n fi iná mú un rọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń de tọ́bò, ẹ da ọ́ìlì inú íntákúlà nù tán, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà. Ọ́ìlì 15W-40 tí wọ́n kọ lẹ́tà C sí lára, bíi CI-4, ni ti dísù. S ni ti pẹtiróòlù. SAE 40 tí wọ́n ń rọ sínú gbogbo ẹ́ńjìnnì kò yẹ tọ́bò rárá. Ẹ má fi sílíkóònù lẹ ojú páìpù ọ́ìlì méjèèjì, èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú á já lọ dí ihò rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ lò. Ẹ rọ ọ́ìlì sí ihò òkè, kí ẹ máa fọwọ́ yí ìka rẹ̀ títí yóò fi wọ̀ ọ́. Ẹ dí ọ̀nà dísù kó má lọ sínú ẹ́ńjìnnì, ẹ fi kíkà tó ń tan ọkọ̀ yí ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe. Bó bá wá tàn, ẹ fi í sílẹ̀ lórí sílóò kó máa yí jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ má ráìsì, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀ páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà kí ẹ tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Mẹ́káníìkì ọkọ̀ dísù kan,
Ìbàdàn.