Kí o tó fowó ránṣẹ́ nítorí àlá

Òkè-Fíà, Òṣogbo.

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o ń jẹun lójú àlá, inú a sì máa run ọ́ tí o bá jí, àti pé ẹnì kan ti ní kí o fowó ránṣẹ́ kí wọ́n lè ṣe ìtúsílẹ̀ fún ọ. Jọ̀ọ́, má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Àlá nítumọ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ló yẹ kí o kọ́kọ́ bi. Ohun tó bá ń ṣe ikùn lójú oorun, àlá lè sọ ọ́ di oúnjẹ. Bí o bá jẹ ẹ̀bà lóru tí o sì dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, omi kíkan inú ikùn a máa gòkè wá sí ọ̀fun, ẹnu a korò, inú a máa ta. Ìrora yẹn lè ti bẹ̀rẹ̀ kí àlá tó dé. Jẹun tán ní wákàtí 3 kí o tó sùn, kí o sì gbé ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀.

O tún ní o ti ń lo oògùn adènà ibà nítorí ọdún Ọ̀ṣun tí o ń bọ̀ wá ṣe lóṣù Kẹjọ. Wo ara páálí rẹ̀. Bó bá jẹ́ mefloquine, tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, òun náà a máa mú àlá tó ń dẹ́rù bani wá. Pe dókítà tó kọ ọ́ fún ọ, oògùn mìíràn wà tó lè fi rọ́pò rẹ̀. Má kàn dá a dúró fúnra rẹ. Ẹ̀fọn pọ̀ níbí lásìkò òjò.

Lẹ́yìn èyí, gbé ìwé àti báírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Tí o bá jí, má mira, má fọwọ́ kan fóònù. Ìparí àlá ni kí o kọ́kọ́ mú, kí o wá máa tọ̀ ọ́ padà sẹ́yìn. Kọ ẹni tí o rí, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, bó ṣe rí lára rẹ, ohun tí o jẹ lálẹ́ àti aago tí o jẹ ẹ́. Kọ ọ́ kí o tó rọ́ ọ fún ẹnikẹ́ni. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: tí ẹni tó ń gbọ́ bá ti bi ọ́ pé, "Ṣé kì í ṣe ìyá arúgbó kan ló bu oúnjẹ náà?", arúgbó yẹn ti wọnú àlá nìyẹn, o ò sì ní mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àlá ìdájí lo máa rí kọ jù. Láti 1953 tí Aserinsky àti Kleitman, àwọn onímọ̀ nípa oorun ní Chicago, ti jábọ̀ pé ẹyinjú ẹni tó sùn a máa yí kiri láwọn àkókò kan, la ti mọ ìgbà tí àlá ń pọ̀. Àkókò tí ẹyinjú ń yí yẹn ń padà wá ní bí ìṣẹ́jú 90 síra, ó sì ń gùn sí i bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́.

Ní ti ìtumọ̀, má gba ti ẹni tó ní ìdáhùn kan ṣoṣo fún gbogbo alálàá. Odò tí olùsìn Ọ̀ṣun rí lójú àlá yàtọ̀ sí ti ẹni tí omíyalé ti gbé ẹrù rẹ̀ lọ rí.

Èyí tó ń já mi láyà ni ti Bàbá, tí o kọ pé wọ́n ń ju ẹ̀ṣẹ́, tí wọ́n sì ń pariwo lójú oorun. Lójú àlá, iṣan ara a máa dẹ̀, kí a má bàa ṣe ohun tí à ń rí. Àgbàlagbà tó bá wá ń ju ẹ̀ṣẹ́, tó ń tàpá, tó ń pariwo, ó lè jẹ́ àmì àìsàn Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó ń mú ara gbọ̀n, ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kì í já sí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n mú wọn lọ rí dókítà ọpọlọ. Fi fóònù ya fídíò wọn lóru, torí àwọn fúnra wọn ò ní lè ròyìn rẹ̀. Kó gíláàsì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí o sì tẹ́ fóòmù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bá mi kí wọn.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Mojísọlá