Màmá, ìyàwó yín kì í ṣe ọ̀lẹ

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Àlàáfíà ni a wà, ọmọ ń dàgbà. Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́. Owó oṣù méjì tí ẹ ò rí gbà, mo jẹ yín, n ó sì san án. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo fi sílẹ̀ kí n lè máa wà nílé.

Ìyàwó yín ò ya ọ̀lẹ, kò sì rí yín fín tí kò fi gbé fóònù. Dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ ló ń bá a jà. Ẹ̀gbọ́n mi ní abísínwín lẹ̀ ń pè é. Màmá, kì í ṣe abísínwín! Ìyẹn ṣọ̀wọ́n, bí ẹnì kan tàbí méjì nínú 1,000 abiyamọ. Tirẹ̀ wọ́pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bíi 13 nínú 100 obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni àìlera ọkàn ń dà láàmú, ìrẹ̀wẹ̀sì yìí ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Èmi náà kọ́kọ́ rò pé ẹkún lásán ni. Ẹkún abiyamọ kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ méjì; tirẹ̀ wọ ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ọmọ á sùn, òun ò ní lè sùn. Nọ́ọ̀sì fún un ní ìwé ìbéèrè 10, lórí bó ṣe rí lára rẹ̀ láti ọjọ́ 7 sẹ́yìn. Ìkẹwàá ń bèèrè bóyá ó ti rò ó rí láti pa ara rẹ̀ lára. Ó pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹ̀rù bà mí, Màmá.

Nọ́ọ̀sì bi í pé ta ló máa ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án. Kò sí. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kò sí. Ṣé ìjà wà nílé? Mo wolẹ̀. Èmi ni mo mú un kúrò láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, tí mo wá ń fi í sílẹ̀ tọ̀sán tòru nítorí owó. Nọ́ọ̀sì ní ìdáwà bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń fa àìsàn náà. Ìgbà yẹn ló wá sunkún, ó ní wọ́n ń bi òun léèrè ìgbà tí òun máa bí ọkùnrin. Ta ló ń bi í bẹ́ẹ̀, Màmá? Ọmọ ò tíì pé oṣù mẹ́ta.

Ó ti ń lo oògùn, èyí tí kò dí i lọ́wọ́ àtifún ọmọ lọ́mú, ó sì ń rí agbaninímọ̀ràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò, ẹ má fòyà. Tí ẹ bá pè lọ́jọ́ Sunday, ẹ jọ̀ọ́, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kó tó kan ọmọ.

Lánàá ó sun wákàtí mẹ́rin. Owó yín á dé lópin oṣù.

Ọmọ yín