Lẹ́tà sí Fọláṣadé lórí tẹlifíṣọ̀n Màmá

Mọ́kọ́lá,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Fọláṣadé ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo lọ kí Màmá ní Ọ̀yọ́. Ara wọn le, ẹnu wọn sì ṣì mú bí abẹ. Mo mọ̀ pé orí WhatsApp ni o ti ń retí èsì mi lórí tẹlifíṣọ̀n méjì tí o fi àwòrán wọn ránṣẹ́ láti Leeds, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí ènìyàn lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà sí ọ.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, kékeré ni kí o rà. Mo mọ̀ pé èyí tó tóbi, tó jẹ́ ínǹṣì 43, ni ó wù ọ́, mo sì mọ̀ pé ọmọ tó wà lókè òkun kì í fẹ́ kí ará àdúgbò wo ẹ̀bùn tó rà fún ìyá rẹ̀ kí wọ́n máa fọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà, ti ńlá ni mo fẹ́ràn nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀. ₦345,000 ni wọ́n pè é. ₦185,000 ni wọ́n pe èyí tó jẹ́ ínǹṣì 32. Mo ti ń ronú bí n ó ṣe ná an kí wọ́n tún yọ díẹ̀ kúrò nínú owó ti ńlá náà kí n tó rántí pé ẹja ni mo ń wò. Gbogbo tẹlifíṣọ̀n tó wà lórí àtẹ ni wọ́n fi fíìmù ìpolówó kan náà sí, tí ẹja aláwọ̀ mèremère ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, tí omi sì ń kán tótó lára ọsàn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò dùn ún wò.

Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo mú fíláàṣì tí mo ti da fíìmù Yorùbá kan sí lọ́wọ́, mo sì bẹ ọmọkùnrin tó ń tajà kí ó bá mi kì í bọ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ó gbé àga kan fún mi sí apá ọ̀tún pátápátá, nítorí ìwọ náà mọ ibi tí Màmá máa ń jókòó: ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí wọn lára, tí wọ́n sì ti lè rí ẹni tó bá ń bọ̀ láti ojúde. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò tíì sí oníbàárà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rí. Láti ibi tí mo jókòó sí yẹn, ojú àwọn òṣèré inú tẹlifíṣọ̀n ńlá ṣá bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn jù. Irun dúdú wọn di àwọ̀ eérú. Ti kékeré kò yí padà. Oríṣi ojú méjì ló wọ́pọ̀ lára tẹlifíṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú: èyí tí wọ́n ń pè ní VA, tí dúdú rẹ̀ máa ń dúdú dáadáa bí ènìyàn bá dojú kọ ọ́ gan-an, àti èyí tí wọ́n ń pè ní IPS, tí dúdú tirẹ̀ kò jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí a lè máa wò láti ẹ̀gbẹ́ láìsí wàhálà. Bí Màmá bá jẹ́ ẹni tó ń pa iná pálọ̀ kí wọ́n tó wo fíìmù lóru, ǹ bá ní kí o ra ti VA náà, ìyẹn ti ńlá. Ọ̀sán ni Màmá ń wo tiwọn, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí sílẹ̀.

Ní ti 4K tí o tẹnu mọ́, òótọ́ ni pé àmì kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán lójú ti ńlá tó 3,840 ní ìbú àti 2,160 ní òòró, nígbà tí ti kékeré kò ju 1,366 ní ìbú àti 768 ní òòró lọ. Ṣùgbọ́n kí ni Màmá ń wò? Africa Magic Yoruba ni, àti ìròyìn, àti ìwàásù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ìkànnì tó sì wà lórí díkódà wọn kò tilẹ̀ dé HD, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere. Ńṣe ni tẹlifíṣọ̀n ńlá náà yóò máa fa àwòrán kékeré yìí gùn, bí ẹni ń fi àmàlà ẹyọ kan kún àwo ńlá, gbogbo rẹ̀ yóò sì máa rí wúruwùru. Bí o bá ní kí wọ́n máa fi íntánẹ́ẹ̀tì wò ó, Netflix fúnra wọn sọ pé fíìmù tó jẹ́ HD lè jẹ dátà tó 3GB ní wákàtí kan, ti 4K sì lè tó 7GB. Ta ni yóò máa ra dátà yẹn ní Ọ̀yọ́?

Ohun tó parí ọ̀rọ̀ náà fún mi ni ọ̀rọ̀ iná. Mo ní kí ọmọkùnrin náà yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì lára ògiri, kí ó dúró díẹ̀, kí ó sì kì wọ́n padà, bí ìgbà tí wọ́n mú iná ọba lọ tí wọ́n sì dá a padà. Tẹlifíṣọ̀n kékeré tàn, ó sì padà tààrà sí ibi tí fíìmù ti ń wọlé. Ti ńlá, tó jẹ́ smart TV, kọ́kọ́ gbé orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é jáde, mo ka ení, èjì títí mo fi dé ogójì, ó wá gbé ojúewé kan jáde tí àwòrán onígun mẹ́rin kún inú rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ ó ń retí kí ènìyàn sọ ohun tó fẹ́. Rìmóòtù rẹ̀ kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà lára. Fọláṣadé, o mọ iye ìgbà tí wọ́n ń mú iná láàárín ọjọ́ kan ní àdúgbò yín. Ṣé gbogbo ìgbà náà ni Màmá yóò máa pe ọmọ aládùúgbò pé kí ó wá bá àwọn wá ibi tí díkódà wà? Ọmọ náà lè tètè dé lónìí, ṣùgbọ́n bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ẹnu ọ̀nà.

Ínfátà tí ẹ̀gbọ́n rẹ gbé sílé náà wà níbẹ̀, oníbátìrì kan. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n méjèèjì: wáàtì 50 ni ti kékeré, wáàtì 105 ni ti ńlá. Wáàtì 55 tó wà láàárín wọn ni fáànù onídùúró Màmá ń lò. Èyí já sí pé bí wọ́n bá fi ínfátà wo ti ńlá fún wákàtí márùn-ún, iná tí fáànù ì bá fi fẹ́ wọn fún wákàtí márùn-ún ni tẹlifíṣọ̀n ti jẹ mọ́ ti ara rẹ̀.

Mo tún mú téèpù aránṣọ lọ́wọ́ lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré, ìyẹn ínǹṣì 36, ni kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé tẹlifíṣọ̀n lé. Ti ńlá náà sì ju ínǹṣì 37 lọ láti etí kan dé èkejì, nítorí pé igun sí igun ni wọ́n ń wọn ínǹṣì 43 tí wọ́n kọ sára páálí. Etí rẹ̀ yóò yọ síta ní ọ̀tún àti lósì, níbi tí àwọn ọmọ ọmọ ti ń sáré kọjá. Màmá fúnra wọn kò sì ka títóbi sí. Nígbà tí wọ́n rí mi tí mo ń wọn nǹkan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe rí nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ nílùú Ìbàdàn yìí ní 1959, tí ọmọdé bíi mẹ́wàá máa ń rọ̀ mọ́ fèrèsé olówó kan láti wo àpótí kékeré tí àwòrán rẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun ni wọ́n fẹ́ fi ìtàn náà gbé jáde, àfi bí wọ́n ṣe yí i sí ọ̀rọ̀ olówó náà àti ìyàwó rẹ̀ tó máa ń da omi sí wọn lára.

N kò ní tàn ọ́, ti kékeré náà ní àbùkù tirẹ̀. Láti àga dé ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ínǹṣì 32 sì kéré díẹ̀ sí i, pàápàá fún ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ ojú fún lọ́dún tó kọjá, nítorí náà n ó fa kọ́bọ́ọ̀dù wá síwájú díẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni ó ká mi lára jù: ó tín-ín-rín, nítorí pé abẹ́ ni wọ́n kọ ibi tí ohùn ti ń jáde sí, ilẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ènìyàn. Ti ńlá dára jù ú lọ níbí.

Bí o bá fọwọ́ sí i, nínú ₦160,000 tó máa ṣẹ́ kù, kí a ra stabilizer tó dára, nítorí iná ọba ibẹ̀ máa ń lọ sókè sódò, kí a sì san owó díkódà sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Iwájú mọ́tò ni n ó jókòó sí pẹ̀lú rẹ̀, lóòró ni n ó sì gbé e dúró títí a ó fi dé Ọ̀yọ́, nítorí pé gbígbé e dùbúlẹ̀ ni ó ń fọ́ ojú wọn lọ́nà. Bí a bá tàn án tán, n ó dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù kúrò ní bí ilé iṣẹ́ ṣe tò ó. Ẹni tó tún tèmi ṣe lọ́dún kọjá fi hàn mí bí ooru ṣe jó àwọn iná kéékèèké tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀, tí a fi ń gbọ́ ohùn tí a kò rí àwòrán.

Jọ̀wọ́, fún mi lésì kó tó di Ọjọ́bọ̀, nítorí Ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ lọ. Má tíì fi owó kankan ránṣẹ́ fún ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Mo rí ẹ̀rọ oní-CD ti Bàbá olóògbé lábẹ́ tábìlì, aṣọ àdìrẹ ni Màmá fi bò ó, ó sì ní ihò tí wáyà tẹlifíṣọ̀n lè wọ̀. N ó mú wáyà náà dání. Bí ó bá ṣì ń sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ ni Màmá yóò ti máa gbọ́ fíìmù wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àdùkẹ́.