Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: nítorí owó sóbò ọyẹ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ètè gbígbẹ.

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Láti ọjọ́ Ajé tí mo ti lẹ ìwé mọ́ ara fìríìjì pé ike sóbò ọyẹ́ ti kúrò ní ₦600, ó ti di ₦900, ojú tí àwọn kan fi ń wò mí ní Ẹrẹ́jà, ní Iléṣà níbí, ti yàtọ̀. Wọ́n á ní, "Bàbá Sóbò, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á sì kọjá lọ bá ẹlòmíì. Ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó ní, "Kí ló tiẹ̀ wà nínú ẹ̀? Ṣé kì í ṣe ewé àti omi ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Kì í ṣe ewé, ká kọ́kọ́ mú ìyẹn kúrò ńlẹ̀. Ohun tó bo èso ìṣápá pupa lára ni sóbò. Wọ́n máa ń já a lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yọ èso inú rẹ̀, wọ́n á sá a kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n sóbò gan-an kọ́ ló wọ́n. Gáàsì wọ́n, ṣúgà wọ́n, ike wọ́n. Ẹ̀yin náà ń dáná nílé, mi ò ní fi ìyẹn sunkún sí yín lọ́rùn. Atalẹ̀ tí à ń fi sí i ló pa mí.

Ọ̀pọ̀ atalẹ̀ tí à ń jẹ lórílẹ̀-èdè yìí, gúúsù Kaduna ló ti ń wá, níhà Kachia, Jaba àti Kagarko. Lọ́dún 2023, àrùn wọ oko wọn níbẹ̀. Ewé á pọ́n, á rọ, tí wọ́n bá sì wú ìdí rẹ̀, ó ti jẹrà sínú ilẹ̀. Atalẹ̀ kì í ṣe àgbàdo tí èèyàn ń so irúgbìn rẹ̀ kọ́ sí àjà. Òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gé sí wẹ́wẹ́ gbìn. Tó bá ti jẹrà lóko, ti ọdún yìí lọ, ti àmọ́dún náà bá a lọ. Owó tí mo fi ń ra odidi àpò kan nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kò ra ìdajì àpò mọ́.

Ẹni tí mo ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Atákúnmọ̀sà, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí a ti jọ ń ṣe é bọ̀. Àwìn ló ń tà fún mi. Ọmọ òṣómàáló ni mí, ẹ ṣáà mọ̀. Bàbá mi ta aṣọ láwìn dé ilẹ̀ Èkìtì, á lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí owó á fi jáde. Èmi tí mo dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, mi ò lè jẹ gbèsè kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ojú á tì mí. Ní oṣù kọkànlá, ó ní òun ò tàwìn mọ́. Mo ní kò burú, mo sanwó. Ó gbé àpò kan dé. Òkè rẹ̀ dára, ó le, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Ìyàwó mi ló ní ká dà á sílẹ̀, ká wò ó. A dà á sórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀bù. Láti àárín lọ sísàlẹ̀, ó ti rọ̀ bí iṣu tó jẹrà. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, omi dúdú á yọ, ó sì ń rùn bí aṣọ tí òjò pa tí wọn ò sá. A ṣà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Èyí tó ṣeé lò kò kún rọ́bà péńtì méjì.

Mo pè é lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, bí wọ́n ṣe dì í fún mi ni mo ṣe gbé e fún yín, mi ò tú u wò." Bí owó náà ṣe lọ nìyẹn. Àwọn èèyàn ní kí n lọ bá a jà. Tí mo bá jà tán, ta ni màá rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì?

Ó ku ohun kan tí mi ò fẹ́ sọ. Ìyàwó mi ló ní dandan kí n sọ ọ́. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra adùn atalẹ̀ inú ìgò, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń kán. Mo fi ṣe ìkòkò kan. Ó ń run atalẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tani lọ́fun, ó kàn ń dùn ṣáá bí oògùn ikọ́ ọmọdé. Ìyàwó mi tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Èmi tà á. Ike mọ́kànlélógún. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé, "Bàbá, tòní ò le o," òótọ́ lẹ sọ, èmi ni mo purọ́ fún yín pé ọyẹ́ ló dí yín nímú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹni tó bá rà nínú rẹ̀, kó wá gba ike mìíràn, mi ò ní béèrè ẹ̀rí.

Torí náà, ohun méjì ló kù fún mi: kí n máa ta ayédèrú ní ₦600, tàbí kí n ta ojúlówó ní ₦900. Kí ẹ má sì rò pé mò ń fi nǹkan pamọ́, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é, kí ẹ ṣe é nílé, kí ẹ ṣírò owó rẹ̀ fúnra yín. Kò le rárá. Ẹ bu sóbò gbígbẹ ife méjì, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì torí iyanrìn. Ẹ gbé e kaná pẹ̀lú omi líta mẹ́ta, kànáfùrù mẹ́jọ, èèrù kan tí ẹ ti fọ́, àti èèpo ọsàn méjì. Kànáfùrù ò gbọdọ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ahọ́n yín á kú típiri. Awọ òde ọsàn náà nìkan ni kí ẹ fá. Funfun abẹ́ rẹ̀ ló ń korò. Tó bá ti hó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ sọ̀ ọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó rin atalẹ̀ tútù tó gùn tó ìka méjì sí i, kí ẹ dé e pa. Ẹni tó bá se atalẹ̀ pẹ́ lórí iná, títa rẹ̀ ló ń lé lọ. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fún omi ọsàn mẹ́rin sí i. Dàbínù mẹ́wàá tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀, tí ẹ rẹ sínú omi gbígbóná tí ẹ sì lọ̀, ló ń mú un dùn. Ẹ tún un gbé kaná díẹ̀ kí ẹ tó mu ún láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ọyẹ́ ò tíì jẹ́ kí ẹ rí ilé òdìkejì títì. Àwọn ará ilẹ̀ òtútù ní tiwọn, omi ápù ni wọ́n ń fi sínámónì àti kànáfùrù sè. Àwa ò gbin ápù ní Iléṣà. Ọsàn la ní, àsìkò yìí ló sì dùn jù.

Ti àgbálùmọ̀ ni èmi fẹ́ràn jù, òun ni ẹ kì í sì í rà. Tó bá di oṣù kìíní tó pọ́n dáadáa, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ fi omi tútù lọ ẹran ara rẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi hóró ataare mẹ́ta tó kúná àti oyin ṣíbí kan sí i. Ẹ fi òróró pa asẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí oje rẹ̀ ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Ìyàwó mi ti kọ asẹ́ yẹn sí mi lọ́rùn, èmi ló ń fọ̀ ọ́. ₦600 náà ló ṣì wà, kò ní atalẹ̀ nínú.

Chapman wa náà ti yàtọ̀ lẹ́nu, mo ti gbọ́. Àlàájà kan tó ń rà á fún àwọn ọmọ rẹ̀ bi mí bóyá ó dá mi lójú pé kò lọ́tí. Mo ní ó dá mi lójú. Ìgbà tí mo wo ara ìgò Angostura, omi kíkorò tí à ń kán sí i, ọtí 44.7% ni mo rí. Ẹ̀kán díẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ "KÒ LỌ́TÍ" sára ògiri, nínú ìlú tí wọ́n ti ń pọn bíà Trophy. Ẹni tó bá fẹ́ ọtí mọ ibi tó máa yà sí. Èèpo ọsàn gbígbẹ, kànáfùrù àti orógbó díẹ̀ tí a rin sínú omi gbígbóná la fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ máa mọ́ ọn lára.

Àwọn kan ní torí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń bọ̀ wálé fún ọdún Ìwúdé àti Kérésì ni mo ṣe fowó lé e. Rárá o. Ohun tó ń kù sí mi lọ́wọ́ lórí ike kan kò gbé mi lórí ọ̀kadà dé ilé ìwòsàn Wesley Guild.

A ti rí ẹlòmíràn tó ń ta atalẹ̀, a sì ń tú àpò kí n tó sanwó. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, a máa gbin díẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó sílẹ̀ fún òde oṣù yìí, iye àtijọ́ lẹ máa gbà á. Ẹni tó bá mú ike tirẹ̀ wá, a ó yọ ₦100 fún un, ṣùgbọ́n kí ike ọ̀hún mọ́. Ẹnì kan mú èyí tó ti fi ra kẹrosín wá lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìkòkò àkọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀. Ife kékeré fún ìtọ́wò wà lórí tábìlì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹyọ kan fún ẹnì kan, ẹ jọ̀ọ́.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Sóbò