Léèsì Kọ́ Lo Máa Gbé Lọ sí Jaipur

Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Leeds ti dẹwọ́ díẹ̀? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní ọ̀rẹ́ rẹ ọmọ Íńdíà tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ lọ ṣègbéyàwó nílé wọn ní Jaipur, o wá ní kí n bá ọ ṣa léèsì tí gbogbo ojú á máa wò. Léèsì wà nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọ̀ mẹ́ta ló wà. Mi ò ní fún ọ.

Ẹ̀yin ará ìlú òtútù ti gbàgbé oòrùn. Ọjọ́ Akha Teej, ọjọ́ ọdún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, lo sọ pé wọ́n fi ìgbéyàwó sí. Àwọn ará Rajasthan, ìpínlẹ̀ tí Jaipur wà, gbà pé ọjọ́ náà dára débi pé kò pọn dandan kéèyàn bi awòràwọ̀ léèrè kó tó gbéyàwó, ìdí nìyẹn tí ìgbéyàwó fi máa ń pọ̀ bíi ti ọjọ́ Sátidé níbí. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún ló máa ń bọ́ sí, ooru Jaipur sì lè tó 40 Celsius nígbà yẹn. Kì í ṣe ooru Èkó tó ń lẹ aṣọ mọ́ni lẹ́yìn o. Ooru gbígbẹ ni, àfi bí ọyẹ́ tó gbé iná dání. Òógùn á ti gbẹ kí o tó mọ̀ pé o làágùn, ìgbà tí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ lo máa mọ̀ pé omi ti tán lára. Kí o wá wọ léèsì pọlísítà, kí télọ̀ tún fi aṣọ inú tì í lẹ́yìn, kí o wé gèlè lé e? O ti di mọ́ínmọ́ín inú ewé nìyẹn.

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Nígbà tí mo ṣì ń lọ ra ọjà ní Balógun, ará Íńdíà kan tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ pè wá síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Oṣù kẹta ni, ooru ń mú. Mo wọ léèsì funfun báláú, mo wé gèlè tó ga bí òrùlé. Lójú tèmi, funfun ni ti ìdùnnú. Bí mo ṣe jókòó báyìí, màmá àgbàlagbà kan dìde, kò sọ nǹkan kan, ó ṣí ìborùn píńkì tó wà léjìká rẹ̀, ó fi bò mí. Mo rò pé wọ́n ń yẹ́ mi sí ni. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo tún jó fún un. Ìyàwó oníṣòwò yẹn ló wá sọ ọ́ sí mi létí nígbà tó yá pé funfun gbòò bẹ́ẹ̀, aṣọ opó ni lọ́dọ̀ àwọn. O ò rí i pé màmá yẹn bò mí láṣìírí lóòótọ́!

Nítorí náà, kò sí funfun. Dúdú náà, àwọn àgbà wọn kì í fẹ́ rí i níbi ayẹyẹ bẹ́ẹ̀. Pupa sì ni ti ìyàwó, má bá a dù ú.

Bó bá jẹ́ sárì, aṣọ gígùn tí àwọn obìnrin Íńdíà ń ró, lo fẹ́ wọ̀, bíi yáàdì mẹ́fà ni, bí ankara tí à ń tà, àfi pé wọn kì í gé e. Ra mulmul, ìyẹn kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tàbí Chanderi tó fúyẹ́. Kanjivaram, sárì sílíìkì wọn, dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo, fi í sílẹ̀ di ìgbà òtútù. Kí o tó sanwó, gbé aṣọ náà sí ẹnu, kí o fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí èémí rẹ bá kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ ní òdìkejì, rà á. Bí kò bá kàn án, kí aláṣọ máa pọ́n ọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ bàtà rẹ kí o tó ró sárì o, torí bàtà la fi ń wọn bó ṣe máa gùn tó. Kí okùn yẹ̀rì le dáadáa, torí òun ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró: wàá yí aṣọ ká ìdí lẹ́ẹ̀kan, wàá ṣẹ́ ẹ léra níwájú, wàá ki í bọ inú yẹ̀rì, ìyókù á gba èjìká òsì kọjá. Fi píìnì dè é níbẹ̀. Iná wà láàárín ibi tí wọ́n ti ń so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, má jẹ́ kí etí aṣọ rẹ máa fẹ́ lọ síbẹ̀.

Ọjọ́ Haldi, aṣọ kọ́tìnì yẹ́lò tó ti gbó ni kí o wọ̀. Ata ilẹ̀ pupa ni wọ́n ń fi pa ìyàwó lára, wọn á sì fi pa ìwọ náà, kò sí ọṣẹ tó máa bọ́ ọ. Ọjọ́ làálì, kí apá aṣọ kúrú. Wọ bàtà pẹlẹbẹ tó rọrùn láti bọ́, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń dé iwájú iná náà. Àtíkè pupa tí wọ́n ń fi sí ojú ìpínyà irun, má dán an wò, abilékọ ló ni ín. Tìẹ kò tíì yá. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bọ̀ wá sílé.

Fún alẹ́ ijó wọn, mo ti rí nǹkan kan. Wọ́n ní bandhani ní Rajasthan níbẹ̀: èékánná ni wọ́n fi ń gbé aṣọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi òwú so ó kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ojú rẹ̀ kéré bí hóró ọkà bàbà. Mọ̀lẹ́bí àdìrẹ oníko wa ni. Mo ti bá aláró sọ̀rọ̀, ìró àti bùbá ni, kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo ní kó má rẹ ẹ́ títí tó máa ṣú, kí àwọn ìyá àgbà yẹn má baà pè é ní dúdú.

Fi ìwọ̀n apá àti àyà rẹ ránṣẹ́ kó tó di Sátidé. Télọ̀ ti ń ráhùn pé iṣẹ́ Ọdún Àjíǹde ti kún òun lọ́wọ́.

Èmi ni,
Màmá rẹ