Ẹ má fi owó ogbó yín sílẹ̀ sọ́wọ́ èmi alájọ

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Alájọ ni mí ní Àkúrẹ́ níbí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gba àjọ láti Ọjà Ìsìnkàn títí dé Arákalẹ̀, mo sì máa ń kan Òkè-Àró kí ilẹ̀ tó ṣú. Aláta mọ̀ mí, elépo mọ̀ mí, fọkanáísà etí títì mọ ìró ọ̀kadà mi. Iṣẹ́ yìí ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ohun tí mo fẹ́ sọ lè bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú, ṣùgbọ́n mo ti rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn: ẹni tó bá ń kó owó ogbó rẹ̀ jọ sọ́wọ́ alájọ, kó tètè lọ gbà á.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, mọ́tò kan gbá mi nítòsí gáréèjì Iléṣà. Egungun itan mi ṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ kejì ni àwọn oníbàárà mi ti ń wọlé. Èyí gbé ọsàn wá, ìyẹn gbé mílíìkì wá, wọ́n ń kí mi kú ewu. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi. Mo sì rí ìbẹ̀rù lójú wọn, nítorí oṣù Kejìlá ni gbogbo káàdì ń parí.

Èyí tí n kò lè gbàgbé ni màmá elélùbọ́ kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kò dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ rárá. Ó fà àga oníke sún mọ́ mi, ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú káàdì àjọ jáde, ó wá ń ká etí káàdì náà, ó ń ká a, ó ń tú u. Èlùbọ́ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ẹ má kú o, alájọ wa. Ẹ jọ̀ọ́." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá yìí ń dá 600 náírà lójúmọ́. Ọdún méjì gbáko ni kò fi gba kọ́bọ̀, ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ títí apá òun kò bá ní lè gbé àpò èlùbọ́ mọ́. Lẹ́yìn tí mo ti yọ tèmi, 432,000 náírà ló wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohun tó ní láyé nìyẹn. Àkáǹtì tí mo kó o sí, orúkọ èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyàwó mi kò mọ nọ́ḿbà ìkọ̀kọ̀ mi. Ìwé tí mo ń kọ orúkọ oníbàárà sí wà nínú àpò ọ̀kadà tó ti rún, èmi nìkan ni mo sì lè ka ohun tí mo kọ síbẹ̀. Ká ní mo kú lóru ọjọ́ yẹn, ta ni màmá yẹn ìbá mú? Ṣé opó mi ni, àbí ilé ìfowópamọ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí?

Ọlọ́run dá mi sí, mo sì san owó gbogbo wọn láìku kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa láti ìgbà náà.

N kò bú iṣẹ́ tó ń bọ́ mi o. Àjọ dára fún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀: owó ilé, owó ìwé ọmọ, owó ọdún, owó tí a fi ń kún ọjà. Àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà fún oṣù kọ̀ọ̀kan lójú káàdì, ọ̀kan jẹ́ tèmi, ọgbọ̀n jẹ́ tìrẹ. Owó tí ìwọ ìbá fi ra bisikíìtì fọ́mọ lójoojúmọ́ láìmọ̀ ni mo bá ọ gbà kúrò lọ́wọ́ ara rẹ. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò ti màmá elélùbọ́. Láàárín ọdún méjì náà, 14,400 náírà ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti tọ́jú owó tí kò lé kọ́bọ̀ kan. Kàkà kó lé, ńṣe ló ń joro. Ní ọdún 2011, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ jẹ́ 18,000 náírà. Ní 2024, ó di 70,000. Ẹni tó fi 18,000 pamọ́ sábẹ́ ẹní ní 2011, odidi owó iṣẹ́ oṣù kan ló fi pamọ́. Lónìí, kò fi bẹ́ẹ̀ ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ. Olè kankan kò jà á.

Owó tó wà ní ilé ìfowópamọ́ tiẹ̀ ní onídùúró. Iléeṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní NDIC ni. Láti 2024, bí ilé ìfowópamọ́ ńlá bá kógbá sílé, NDIC yóò san owó ẹnì kọ̀ọ̀kan títí dé mílíọ̀nù 5 náírà. Ti maikurofáínáǹsì jẹ́ mílíọ̀nù 2. Èmi alájọ, ta ló dúró fún mi? Itan mi tí wọ́n fi irin so yìí ni.

Nǹkan kejì tó ń jẹ mí lọ́kàn ni fóònù. Láti bí ọdún mélòó kan, mò ń rí i pé káàdì àwọn ọ̀dọ́ kì í kún mọ́. Wọ́n á dá ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lówó tó wà níbẹ̀, mo fẹ́ fi san nǹkan." Gbèsè orí áàpù ni nǹkan ọ̀hún. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Arákalẹ̀ lọ́jọ́ kan, mò ń sàmì sí káàdì rẹ̀, ó ń wọn ìyàwó ilé kan fún aṣọ òde. Fóònù mi dún. Kí n tó yọ ọ́ lápò, ti oníbàárà rẹ̀ náà dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ni, láti ọ̀dọ̀ aláàpù tó yá a lówó: orúkọ télọ̀ náà, fọ́tò rẹ̀, pé gbájúẹ̀ ni, pé kí á kìlọ̀ fún un. Oníbàárà rẹ̀ kà á, ó rọra sọ ọwọ́ tó nà sókè kalẹ̀. Téèpù ṣì wà láyìíká àyà obìnrin náà, ọwọ́ télọ̀ sì ń gbọ̀n lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Láyé àwọn bàbá wa, ológò ló máa ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, ojú àdúgbò nìkan ló sì ń tì í. Ológò tòde òní ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tí nọ́ḿbà rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ.

Ẹ gbọ́ iye tí télọ̀ náà yá. Ó bèèrè 20,000, wọ́n yọ èlé sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, 17,000 ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ san 20,000 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó sọ fún mi pé èlé náà kò pọ̀, pé 3,000 péré ni. Mo jókòó sórí àga oníbàárà rẹ̀, mo ṣí ẹ̀yìn káàdì, mo ṣírò rẹ̀ fún un. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tó wà nínú ọdún jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bó bá ń yá a, tó ń san án, tó tún ń yá a, èlé rẹ̀ lọ́dún yóò di 78,000 náírà lórí 17,000 kan ṣoṣo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni." Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, òun fúnra rẹ̀ tún un ṣe. Ìwọ̀fà ni, kò yàtọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ kó hàn gbangba, nítorí ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀: ẹni tó yáni lówó kò ní ẹ̀tọ́ láti máa ránṣẹ́ ìtìjú sí ẹbí àti oníbàárà ẹni. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, tí wọ́n ń pè ní FCCPC, ti ń forúkọ àwọn aláàpù yìí sílẹ̀ láti 2022, wọ́n sì ń gba ẹ̀sùn. Òfin tó dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ èèyàn lórí ẹ̀rọ wáyé ní 2023. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́ nítorí ìtìjú. Ẹ fi pamọ́, òun ni ẹ̀rí yín.

Níbo wá ni kí a kó owó sí? Èyí tí mo mọ̀ ni n ó sọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo wà máa ń yá èèyàn ní ìlọ́po méjì ohun tó ti dá. Mo yá 100,000 láti tún ọ̀kadà mi ṣe, oṣù mẹ́wàá ni mo fi san 110,000. Èlé ìyẹn sì tún padà sọ́dọ̀ wa nígbà tí a pín èrè. Télọ̀ mi ti wọ ẹgbẹ́ náà. Ìwé gbèsè ìjọba àpapọ̀ tún wà, níbi tí ìjọba ti ń yá owó lọ́wọ́ ẹni, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún mẹ̀kúnnù láti 2017, tí wọ́n ń pè ní Savings Bond. Láti 5,000 náírà lèèyàn ti lè rà á, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, wọ́n sì ń san èlé lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta.

Èyí tó dùn mí jù ni ti owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù, òfin 2014 ní kí wọ́n yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún nínú owó wọn, kí ọ̀gá wọn fi ìdá 10 kún un. Wọ́n ń ráhùn, wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi ń ráhùn, mo mọ tíṣà tó fẹ̀yìn tì tó sì ń dúró de àjẹmọ́nú títí irun rẹ̀ fi funfun tán. Àmọ́ orúkọ wọn wà nínú ìwé níbì kan. Ní 2019, ìjọba dá ti àwa aláàtẹ àti oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, Micro Pension ni wọ́n pè é nígbà náà. Èèyàn lè dá iye tó bá rí, lọ́jọ́ tó bá rí i. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ṣeé gbà bí ìnira bá dé, ìdá 60 yóò dúró de ọjọ́ ogbó. Ohun tí màmá elélùbọ́ ní kí n bá òun ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn! Ọdún mélòó rèé? Nínú gbogbo ìrìn mi láti Ìsìnkàn dé Òkè-Àró, n kò tíì pàdé ẹnì kan tó gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ wá bá aláta nídìí àtẹ. Èmi ń dé ìdí àtẹ yẹn lójoojúmọ́, òjò ìbáà rọ̀.

Ní tèmi, n kì í mú owó ẹnikẹ́ni kọjá oṣù méjì mọ́. Orúkọ gbogbo oníbàárà wà nínú ìwé méjì, ìyàwó mi ní ọ̀kan. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi mókun, mo mú màmá elélùbọ́ lọ sí ilé ìfowópamọ́ lọ́nà Ọba Adésídà, ó tẹ̀ka, wọ́n fún un ní BVN, nọ́ḿbà tí ilé ìfowópamọ́ fi ń dá èèyàn mọ̀. Ó fi 200,000 sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó ṣì ń bá mi dá 600 rẹ̀, owó ilé ló pè é báyìí.

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ bá mi ké sí àwọn iléeṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì pé kí wọ́n wá sí Ìsìnkàn. Kí wọ́n mú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi Yorùbá kọ wá, kí wọ́n sì rán ẹni tó lè fi sùúrù ṣàlàyé. Èmi ni n ó gbé tábìlì àti àga wá. Mo ti bá màmá elélùbọ́ sọ ọ́, ó ní iwájú ìsọ̀ òun gbòòrò, àwọn lè jókòó síbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alájọ kan, Ọjà Ìsìnkàn, Àkúrẹ́